Òjìji Ẹni Tó Mú Kámẹ́rà Dání

Ọ̀rọ̀ ìdágbére láti ọwọ́ Táyé, ìyá Dáre, sí ọkọ rẹ̀

Ó dìgbà o, Bàbá Dáre! Ó dìgbà tí n óò tún na fóònù kọjá tábìlì oúnjẹ kí n ní, "Ẹ bá mi wo èyí." Ó dìgbà tí ẹ óò bọ́ awò ojú yín, tí ẹ óò fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, tí ẹ óò tún gbé e bojú, kí ẹ tó dá mi lóhùn. Awò yẹn máa ń bí mi nínú. Mo máa ń ní, "Ṣé títí ilẹ̀ ó fi ṣú lẹ ó fi nù ún ni?" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwòrán kan tún wọlé sórí fóònù mi, mo sì nà án sí àga yín. Ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Kò sẹ́ni tó gbà á.

Ẹni tí wọ́n bí ní méjì kò mọ dídá wà. Èmi Táyé, tí Kẹ́hìndé mi ti fi mí sílẹ̀ láti kékeré, ẹ̀yin lẹ wá jókòó sí àyè tó ṣófo. Ẹ jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí mo fi gbàgbé pé ó ti ṣófo rí. Ní báyìí ẹ ti dìde. Ikú, o ò ṣeun o. O mú ọkọ lọ́wọ́ mi, o mú olùkọ́ mi, o mú ẹni tí mò ń bá jà lórí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín má mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, ọmọ olùkọ́ ìjọ. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe ní Ayétòrò, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíyàwòrán àti kíkun ọ̀dà, láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí a wá kó lọ sí ilé kékeré tí a kọ́ sí Ìlaró. Ó ga, ó dúdú, ó sì ní èjí. Ẹ fi èjí yẹn sọ́kàn, n óò padà bá a. Bó bá rẹ́rìn-ín ní kíláàsì, àwọn ọmọbìnrin á máa fọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà, kí n má purọ́ nínú ìwé òkú, èjí yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́, kí n tó fẹ́ ẹni tó ni ín.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Jẹ́-Kójú-Jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni. Ọmọ tó bá wo àwòrán fìrí, tó sì ní òun ti rí i, yóò dá a dúró, yóò ní, "O ò tíì rí i. O kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Jẹ́ kójú jókòó." Nígbà míràn, àwòrán kan ṣoṣo ni yóò fi lo gbogbo àkókò kíláàsì, tí àwọn tíṣà yòókù yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ tìrẹ̀ mà rọrùn o, ó kàn ń bá àwọn ọmọ wo fọ́tò. Ó kàn ń fi èjí rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wọn ni.

Bàbá Dáre, ẹ máa ń sọ pé láyé àwọn bàbá wa, ẹni tí kò mọ̀wé mọ̀ pé òun ò mọ̀wé. Bí lẹ́tà bá dé, yóò gbé e tọ tíṣà lọ, yóò jókòó, yóò tẹ́tí. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá dé, gbogbo ẹni tó lójú ló rò pé òun mọ̀ ọ́n kà. Ẹ ní ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹ ní ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì ti mọ fóònù ṣí lónìí, àwòrán tó ń wọlé fún un lójúmọ́ ju èyí tí bàbá bàbá rẹ̀ rí láyé lọ, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ẹyọ kan. Bí àwọn àgbà Ìlaró bá pa á lówe pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, ẹ máa ń ní, "Ó rí i lóòótọ́. Ṣé ó kà á?" Ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí wọ́n gbẹ́ sára igi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gbé sórí: ìdí tí ejò fi gbé ẹyẹ há ẹnu lókè, ìdí tí ojú obìnrin tó wà nísàlẹ̀ fi tutù tó bẹ́ẹ̀, tí ìjà sì ń lọ lórí rẹ̀. Ọmọ olùkọ́ ìjọ tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀! Mo bi yín léèrè ibi tí ẹ ti wò ó. Ẹ ní láti ojú fèrèsé ni.

Mo rántí bí a ṣe máa ń wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn yòókù á máa sùn, ẹ̀yin á máa ka pátákó ẹ̀bá ọ̀nà fún mi. Ẹ ó ní, "Wo olóṣèlú yẹn, ó na ọwọ́ sí wa. Wo inú ọwọ́ náà dáadáa, ṣé nǹkan wà níbẹ̀?" Bí a bá dé ibi tí wọ́n ya obìnrin kan sí tó ń fi ọṣẹ bójú, ẹ ó ní, "Táyé, obìnrin yìí ò lo ọṣẹ yìí rí láyé rẹ̀." Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀. Ẹ ní, "Omi ò kan irun rẹ̀. Ta ló ń bójú báyẹn?" Èmi tí mo ti ń ra ọṣẹ náà láti ọjọ́ yìí, mo yíjú sí fèrèsé. Àwọn èrò ọkọ̀ tí mo rò pé wọ́n ń sùn bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ kò lè jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ bẹ Alùfáà, ó fún yín ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìjọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Àwa ìyá àgbà àti bàbá àgbà la wá, àwa tí àwọn ọmọ wa ti ra fóònù ńlá fún, tí gbogbo ohun tó bá dán lójú rẹ̀ jẹ́ òótọ́ lójú wa. Ẹ kọ́ wa pé bí àwòrán bá dé, kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ta ló mú kámẹ́rà dání? Kí ló fẹ́ kí n ṣe? Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí? Títí ojú wa yóò fi jókòó, a ò gbọdọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Màmá Ṣadé ló dìde lọ́jọ́ náà, tó ní, "Tíṣà, bí nǹkan bá wọlé fún mi, tí mi ò sì fún ẹlòmíràn, ṣé mi ò ti ṣahun báyẹn?" Ẹ ní, "Ẹ ṣahun, Màmá. Ahun yìí ò ní mú yín dé ọ̀run àpáàdì."

Màmá Ṣadé yìí kan náà ló ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ihunbo. Ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí àwòrán ọjà tó ń jóná wọ orí fóònù gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọjà Ihunbo ni, pé ẹni tó bá ní èèyàn níbẹ̀ kó tètè lọ wò ó. Ihunbo sì ni Ṣadé ti ń ta gàrí. Màmá rẹ̀ já gèlè sílẹ̀. Ó ń pè é, ìpè ò wọlé. Àwọn ọkùnrin ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nínú àwòrán náà, pátákó kan wà lókè ìsọ̀ kan tí wọ́n fi Faransé kọ. Níbòmíràn, Faransé yẹn nìkan ìbá ti ta èèyàn lólobó. Ṣùgbọ́n àwa ará ibodè, Faransé kì í ṣe àlejò wa. À ń rí i lára agolo tòmátò, à ń rí i lára àpò ìrẹsì, à ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àna wa. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gbogbo wa rí i, a sì gbà pé Ihunbo ni lóòótọ́.

Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ Màmá Ṣadé. Ẹ bọ́ awò, ẹ ń nù ún. Mo fẹ́ pariwo mọ́ yín. Ẹ gbé e bojú, ẹ wò ó, ẹ tún un wò, ẹ wá ní, "Màmá Ṣadé, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn iná yìí. Kí lẹ rí?" Ó ní, "Òkè ni, Tíṣà." Ẹ ní, "Ta ló gbé òkè lọ sí Ihunbo?" Ilẹ̀ Ihunbo tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan nínú wa ti ṣe kékeré níbẹ̀, wọn ò sì rí ohun tó ga ju òkìtì ọ̀gán lọ. Nígbà tí Ṣadé wá gbé ìpè, ó ní òun ń yan gàrí lọ́wọ́ ni, pé kí ló dé tí màmá òun ń sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, bí àwòrán bá ti wọlé, àwọn èèyàn ìjọ wa á kọ́kọ́ bi ara wọn pé, "Òkè dà?"

Ṣùgbọ́n àwòrán tí ẹ kọ́ mi kà tó dùn mí jù, ara ògiri yàrá wa ló wà. Àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà. Mo gbé e wá láti Ajilete nígbà tí mo wọlé ọkọ, mo sì gbé e kọ́ kí n tó gbé ìkòkò kalẹ̀. Èmi wà lápá òsì, Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n mi wà lápá ọ̀tún. A ṣì kéré nígbà tó kú, ojú rẹ̀ tó wà nínú àwòrán yẹn nìkan ló kù fún mi. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá lóyún, òun ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún. Bí ẹ bá ṣẹ̀ mí, òun ni mo ń fẹjọ́ yín sùn, ẹ ó sì máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti pálọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yín, èmi nìkan wà nínú yàrá, mo ní kí n fi ohun tí ẹ kọ́ wa dánra wò. Ẹ ti sọ fún wa lọ́jọ́ náà pé kí a má máa wo ojú èèyàn nìkan nínú àwòrán, torí ojú mọ bí a ṣe ń tanni. Ẹ ní kí a wo ọwọ́, kí a wo etí, kí a wo òjìji. Mo jẹ́ kójú jókòó. Mo wo ọwọ́ Táyé, mo rí àpá tó wà lọ́rùn-ọwọ́ mi títí dòní, níbi tí epo gbígbóná ti ta sí mi. Mo wo ọwọ́ Kẹ́hìndé. Àpá kan náà wà níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lọ́rùn mi, bó ṣe yẹ̀ gan-an ló yẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn. Èmi ni mo wà lápá òsì. Èmi náà ni mo wà lápá ọ̀tún. Kẹ́hìndé ò sí nínú àwòrán náà rárá.

Mo jáde sí pálọ̀, mo bi yín, "Ṣé ẹ mọ̀?" Ẹ ò bi mí pé kí ni. Ẹ ní, "Mo mọ̀." Mo ní láti ìgbà wo. Ẹ ní láti ọjọ́ tí mo ti gbé e kọ́. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi. Ẹ wolẹ̀, ẹ ní, "Àwòrán rẹ ni, Táyé. Ìwọ ló yẹ kó kà á." Inú bí mi débi pé mo lọ já àwòrán náà kúrò lára ògiri, mo fẹ́ fà á ya. Ẹ ò bá mi jiyàn. Ẹ ní kí a kọ́kọ́ lọ sí Ajilete ná.

Àbúrò ìyá mi, tí à ń pè ní Màmá Kékeré, ṣì wà láyé nígbà náà. Òun ló là á yé mi. Ó ní nígbà tí Kẹ́hìndé kú, ohun tí àwọn èèyàn wa ń ṣe ni kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì, kí èyí tó kù má bàa dá wà, kó má bàa tẹ̀ lé èkejì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àgbà ìjọ ni bàbá mi, ó ní igi gbígbẹ́ kankan ò ní wọ ilé òun. Ìyá mi ò jẹ, kò mu. Níkẹyìn, ó gbé mi pọ̀n, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kan ní Ìlaró tó ti mọ ohun tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń wá. Onífọ́tò gbé mi jókòó sí apá kan bẹ́ǹṣì, ó yà mí. Ó gbé mi sí apá kejì, ó tún yà mí. Ó wá tẹ méjèèjì pọ̀ sójú ìwé kan. Màmá Kékeré ní bí ìyá mi bá ra àkàrà fún mi, á gbé ọ̀kan síwájú fọ́tò náà. Gbogbo ilé ló mọ̀. Wọ́n rò pé èmi náà mọ̀ ni. Ó wá tún fẹ̀rín sí i, kò mọ̀ pé òun ń gún mi lọ́bẹ, ó ní, "Ẹ ò tiẹ̀ jọra. Kẹ́hìndé pupa, ojú ẹ̀ rogodo báyìí."

Lọ́nà ilé, mo ní irọ́ ni wọ́n fi tọ́ mi. Ẹ ní, "Kì í ṣe irọ́. Irọ́ ni bí ẹni tó ṣe àwòrán bá fẹ́ tan ẹni tó ń wò ó. Ìyá rẹ ò tan ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n kà. Ìwọ nìkan ni wọ́n gbàgbé láti kọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú. Mo gbé àwòrán náà padà sára ògiri, ó wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí mi ò rí ẹnu sọ fún yín nígbà ayé yín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ojú Kẹ́hìndé nínú orí mi. Mi ò rí i. Mo mọ̀ pé a jọ sùn lórí ẹní kan, mo rántí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe máa ń gbóná mọ́ mi. Ojú rogodo yẹn, kò sí. Ojú tèmi tí mo ti ń wò lára ògiri láti kékeré ti gba àyè rẹ̀, ó ti lé e jáde. Ikú mú ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán sì wá mú ìyókù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹ̀yin náà lọ, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé n óò tún gbàgbé ojú.

Ẹ lọ bí ẹ ṣe ń ṣe ohun gbogbo, láìkánjú. Ẹ jẹun ọ̀sán, ẹ ní kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí àga, ẹ bọ́ awò lé orí tábìlì. Nígbà tí mo gbé tíì dé, ẹ ò dá mi lóhùn.

Dáre, àkọ́bí wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Abẹ́òkúta, ló ń ṣètò ìwé ìsìnkú yìí. Ó ní, "Màmá, fọ́tò Bàbá dà?" A tú gbogbo ilé. Fọ́tò kún àpótí bámúbámú: èmi lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, Dáre nínú aṣọ ilé-ìwé tó tóbi jù fún un, àwọn àbúrò rẹ̀ tí ehín iwájú wọn ti yọ. Ẹ̀yin ò sí nínú ọ̀kankan. Ẹ̀yin lẹ máa ń mú kámẹ́rà dání, ẹ kò sì gbé e fún ẹnikẹ́ni rí. Páásípọ́ọ̀tù tí wọ́n yà yín fún àyẹ̀wò pẹ́ńṣàn nìkan ló kù, òun ló wà níwájú ìwé yìí. Ẹ di ẹnu pọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá fi hàn pé òun ò tíì kú.

Dáre ò fẹ́ kí bàbá òun fi ojú líle bẹ́ẹ̀ dágbére fáyé. Ó kó páásípọ́ọ̀tù náà àti fọ́tò mi kan sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kí ẹ̀rọ fi wọ́n ṣe ẹyọ kan, ó sì fi í ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dára! Èmi àti ọkọ mi dúró lábẹ́ igi. Ó wọ agbádá funfun, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. A ò ní irú rẹ̀ rí nínú gbogbo ìgbéyàwó wa. Mo sunkún. Mo fi fóònù mọ́ àyà. Mo fẹ́ pe Dáre pé ọwọ́ rẹ̀ ò ní rọ, pé òun ni kó gbé síwájú ìwé.

Mo ti ń wá nọ́ńbà rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yín sọ sí mi lọ́kàn. Mo bọ́ awò tèmi, mo fi ìró nù ún. Mo jẹ́ kójú jókòó. Mo wo ọwọ́ tó wà léjìká mi. Ó mọ́ tónítóní, kò sí ọ̀dà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ọ̀dà tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi bá yín jà lé lórí. Mo wo ẹnu. Ehín funfun kún un, wọ́n tò gbọọrọ, kò sí àlàfo kankan. Ẹnu dídì ni ẹ̀rọ rí nínú páásípọ́ọ̀tù, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ọkùnrin yìí ní èjí, ó wá fi ehín ẹlòmíràn kún ọkọ mi lẹ́nu. Mo bi í léèrè pé ta ló mú kámẹ́rà dání. Kò sẹ́nì kankan. Mo rí ara mi bí n óò ṣe máa jí wo ẹ̀rín yẹn láràárọ̀ lára ògiri, nínú ilé tí kò ti sí ẹlòmíràn, títí èjí yín yóò fi kúrò lórí mi bí ojú Kẹ́hìndé ṣe kúrò. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo pe Dáre. Mo ní, "Dáre, bàbá rẹ ní èjí." Ó ní, "Màmá, mo lè ní kó fi èjí sí i." Mo ní, "Èjí ta ni yóò fi sí i, ọmọ mi?" Ni ọkùnrin tó ti bímọ bá bú sẹ́kún. Kò tan ẹnikẹ́ni, ẹ má dá a lẹ́bi. Ohun tí ìyá mi ṣe nítorí Kẹ́hìndé ló ṣe nítorí bàbá rẹ̀: ó fẹ́ràn ẹni tó lọ, ó sì ń wá ibi tí yóò gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ fún un. A wá jọ fẹnu kò. Àwòrán tirẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣe é, pé ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ló ní kó ṣe é, àti pé bàbá náà ní èjí. Àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò mọ̀ ọ́n kà. A ò ní gbàgbé láti kọ́ wọn.

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí, èmi ni mo yàn án. Ìdí àpótí ni mo ti rí i. Ọ̀nà oko yín ní Òkè-Ọ̀dàn ni, ní ọdún tí a fẹ́ra, oòrùn ti ń wọ̀. Ẹni tó bá wò ó fìrí yóò ní obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó dá dúró láàárín ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kójú jókòó. Ẹ wo ilẹ̀. Òjìji ọkùnrin gíga kan gba iwájú wá, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí etí ìkòkò, nítorí ó gbé kámẹ́rà sójú. Orí òjìji náà dé ẹsẹ̀ mi. Ẹ wá wo ojú mi. Mò ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò wo kámẹ́rà. Ojú mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, níbi tí ẹnu wà. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rántí mọ́, òun fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín sí i. Èjí ni mò ń wò.

Bàbá Dáre, kí ló yẹ kó wà nínú àwòrán yìí tí kò sí? Ẹ̀yin ni. Ta ló mú kámẹ́rà dání? Ẹ̀yin náà ni. Ilé dákẹ́ o, olówó orí mi. Mo nu awò yín láàárọ̀ yìí, mo sì gbé e sí àyè rẹ̀ lórí tábìlì. Mò ń gbọ́ ìró àtẹ́lẹsẹ̀ ara mi bí mo bá ń lọ sí ilé ìdáná.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rán yín. Ní ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ó bá ọmọbìnrin kékeré kan pàdé, ó pupa, ojú rẹ̀ rogodo. Ẹ sọ fún un pé Táyé ní kí ẹ kí i. Kí ẹ wá bọ́ awò yín, kí ẹ nù ún bó bá ṣe wù yín kó pẹ́ tó, mi ò ní kánjú yín mọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa fún mi, kí ẹ lè júwe rẹ̀ fún mi bí mo bá dé.

Ẹ sùn re o, eléjìí mi. Ẹ sùn re.

Aya yín,
Táyé